Díákónì Tó Gbé Táǹkì Omi Àdúrà Lọ Fín Koríko

Bánjọ Adéyẹmọ kọ́ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ó jókòó síwájú mi fún wákàtí mẹ́ta, ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á. Mo bi í pé ṣé kí n bá a fọwọ́ rọra mú ibi tó burú jù níbẹ̀. Ó ní rárá, ibẹ̀ gan-an ni kí n má fọwọ́ kàn.

Ó dáa, ẹ gbọ́ o.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Bánjọ, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ń gbé ní Nyanya, nílùú Àbújá, pẹ̀lú Olúfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti Olúwadémiládé, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Díákónì ni ní ìjọ kékeré kan ládùúgbò wọn, ìjọ tó gba omi àdúrà gbọ́. Ní Sọ́ńdè tó bá kẹ́yìn oṣù, wọ́n á gbé táǹkì dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, pásítọ̀ á gbàdúrà sí omi inú rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ á mu níbẹ̀, wọ́n á sì bu sínú ike lọ sílé fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Bánjọ ni olùtọ́jú táǹkì yìí. Òróró ni wọ́n fi yà á sí mímọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, wọ́n kun àgbélébùú funfun sí i lára, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn láéláé. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń gbé e sí, ọwọ́ Bánjọ nìkan ló wà.

Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe iṣẹ́ yìí láìsí àbùkù kankan. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe yìí fi ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀gá rẹ̀ lọ́fíìsì, Madam Priscilla, ń gbé ní Durumi, òun sì ni alága àwọn onílé àdúgbò rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, Madam ń ráhùn létí gbogbo èèyàn. Koríko ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àdúgbò wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pa ejò níbẹ̀, àlejò pàtàkì sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i.

Bánjọ tó kó fáìlì dání ló ṣèèṣì dá sí i.

"Madam, ẹ má da ara yín láàmú. Mo ní ọkọ̀ tí ń fín koríko. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, mo máa fín gbogbo ẹ̀ tán."

Irọ́ ni. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó ti gbó ló ní, àti fídíò kan tó wò lórí fóònù rẹ̀, níbi tí òyìnbó kan ti ń de táǹkì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga lẹ́nu iṣẹ́ wà lórí tábìlì Madam, orúkọ Bánjọ sì wà níbẹ̀ láti ọdún méjì. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí orí rẹ̀ tó gbọ́.

Madam yọ awò ojú rẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ò mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n èèyàn báyìí wà lábẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Bánjọ ju oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà lọ.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, ó gbé ọkọ̀ lọ sí Dei-Dei, sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kàmọ́rù. Àtúnṣe ẹ̀rọ omi ni iṣẹ́ Kàmọ́rù, ẹ̀yìn ọjà ẹran ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó so pọ́ọ̀ǹpù kékeré mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó fa wáyà pupa àti dúdú láti ibẹ̀ lọ sí bátìrì, ó sì gbé ohun tí wọ́n fi ń tàn án sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ó de páìpù gígùn kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ìdábùú, ó lu ihò mẹ́fà sí i, ó sì fi ẹnu tó ń fọ́n omi wẹ́wẹ́ bọ ihò kọ̀ọ̀kan. Ó fi asẹ́ sí ibi tí omi ń gbà wọlé kí ìdọ̀tí má bàa dí i.

Táǹkì tí Bánjọ rà lọ́jà ló wá kù. Wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, wọ́n bu omi sí i, ó sì là láti ìdí dókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ayédèrú ni wọ́n tà fún yín," Kàmọ́rù sọ. "Ẹ jẹ́ kó di Mọ́ńdè, màá bá yín wá ojúlówó."

"Mọ́ńdè kẹ̀? Ọ̀la ni mo ní iṣẹ́."

"Ẹ wá òmíràn nìyẹn. Èyí tó ki, tó ní ẹnu nísàlẹ̀. Irú ẹ̀ ò sí lọ́jà báyìí."

Bánjọ wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó mọ ibi tí irú rẹ̀ wà.

Ó ní gbogbo ojú ọ̀nà láti Dei-Dei dé Nyanya lòun fi ń bá ara òun sọ̀rọ̀. Sọ́ńdè tó bá kẹ́yìn oṣù ni wọ́n ń lo táǹkì, ó sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé, òun á fọ̀ ọ́, òun á sá a sóòrùn fún odidi ọ̀sẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń yọjú sí yàrá yẹn?

Ó ṣí yàrá. Ó gbé táǹkì. Ó ní òun ò wo ojú pẹpẹ bí òun ṣe ń gbé e kọjá.

Nígbà tó gbé e padà dé Dei-Dei pẹ̀lú ike kẹ́míkà apakoríko méjì tó rà lọ́jà, Kàmọ́rù fọwọ́ kan àgbélébùú ara táǹkì náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni èyí?"

"Wọ́n fún mi láyè."

"Omi mímu ni wọ́n ń bu sí i?"

"Rárá o. Omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ni."

Kàmọ́rù mí kanlẹ̀. "Ìyẹn dáa. Torí ike yìí, tí kẹ́míkà bá ti wọ̀ ọ́ lára, kì í jáde bọ̀rọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ewúrẹ́ mẹ́ta kú lọ́jà ẹran tó wà lẹ́yìn wa yìí, ike kẹ́míkà ni wọ́n fi bomi fún wọn. Wọ́n sì ní àwọn fọ̀ ọ́ o. Wàláì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu nínú ẹ̀ mọ́ láéláé."

"Mo ti gbọ́," Bánjọ sọ. Etí rẹ̀ sì gbọ́ ọ lóòótọ́. Ẹ rántí ìyẹn.

Wọ́n po ike kẹ́míkà kan mọ́ omi nínú táǹkì, ìkejì sì ṣẹ́kù sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Sátidé ní Durumi, iṣẹ́ náà lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Bánjọ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kẹ́míkà ń fọ́n jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrì. Madam Priscilla jáde pẹ̀lú fóònù, ó ń ya fídíò. Ó ní kí àwọn aládùúgbò òun wá wo òṣìṣẹ́ òun. Bánjọ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí wọn bíi gómìnà.

Aago méjìlá ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Pásítọ̀ Olúṣèyí ni.

"Díákónì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ rí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí a ń gbà yìí, Olúwa fi sí mi lọ́kàn pé omi àdúrà ni ká fi ṣínu lọ́la. Ibà pọ̀ láàárín ìjọ, a ò ní dúró de ìparí oṣù mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí omi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀."

"Lọ́la, sà?"

"Lọ́la. Ṣé kò sí ìṣòro?"

Ẹ wò ó, ibí ni ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè sọ òótọ́. Tí òótọ́ bá wúwo jù, ó lè ní táǹkì ti là, kí ìjọ ra omi inú ike. Irọ́ kan ṣoṣo tí ì bá ṣe èèyàn lóore nínú gbogbo irọ́ tó pa lọ́sẹ̀ yẹn, òun ni kò rí pa. Ó rò pé pásítọ̀ á ní kí wọ́n gbé èyí tó là náà wá kí òun wò ó. Ó rò pé gbogbo ìjọ á gbọ́ pé Díákónì fi ohun mímọ́ ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀.

"Kò sí ìṣòro, sà."

Ẹ̀rọ omi kò yọ ní Nyanya láti ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn mẹ́rúwà tí ń fi ọmọlanke ta omi ò ráyè, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá péré ni Bánjọ rí rà. Ó da kẹ́míkà tó ṣẹ́kù sí ìdí táǹkì nù. Ó fi kẹ́ẹ̀gì méjì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ó ki orí bọ inú rẹ̀, ó gbóòórùn. Òórùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin, ó fi ra inú táǹkì yíká. Ó tún ki orí bọ̀ ọ́. Ó ní ọsàn lòun gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àti nǹkan míì lábẹ́ ọsàn náà.

Ó da kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ tó kù sí i.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Olúfúnkẹ́ rí i tó ń ká áńkáṣíìfù funfun tó nípọn sínú àpò agbádá.

"Daddy Démi, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú áńkáṣíìfù?"

"Ooru ń mú mi."

"Kí ló sì ń rùn lára ṣòkòtò tí ẹ wọ̀ lánàá yẹn? Orí ń fọ́ mi látìgbà tí mo ti fọ̀ ọ́."

"Epo ọkọ̀ ni."

Ó ní láti mú áńkáṣíìfù dání, torí àṣà kan wà ní ìjọ náà: ẹni tó pọn omi àdúrà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ún lójú gbogbo èèyàn. Bánjọ kò gbàgbé rẹ̀. Ó ti ronú ohun tí òun máa ṣe sí i kó tó kúrò nílé. Ṣé ẹ ń rí irú ọkàn tí mò ń sọ?

Ìsìn gbóná lọ́jọ́ náà. Àwọn tó gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ń fi agbára tó kù lára wọn kọrin. Pásítọ̀ Olúṣèyí gbọ́wọ́ lé táǹkì, ó gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wá bu omi sínú ife, ó nà án sí Bánjọ.

"Ẹni tó pọn ọ́n ni yóò ṣíwájú."

Bánjọ gba ife. Ó yíjú díẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún pẹpẹ, ó gbé áńkáṣíìfù sí ẹnu bí ẹni fẹ́ nu òógùn, ó sì da omi náà sí i lára díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ọ̀fun rẹ̀ sókè sódò. Ó dá ife padà lófìfo.

"Halelúyà!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Olúfúnkẹ́ jókòó ní ìlà àga kẹta. Ó ní òun rí i tí omi ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ ọkọ òun, òun sì rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n torí ààwẹ̀.

Wọ́n wá tò. Bánjọ fúnra rẹ̀ ló dúró sí ìdí ẹ̀rọ táǹkì, òun ló ń ṣí i, òun ló ń bu ún fún wọn. Màmá Rẹ̀mí, ìyá àgbà ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó dàgbà jù nínú ìjọ, ló ṣíwájú. Ó mu ún tán, ó fajú ro.

"Díákónì ọmọ mi, ó korò díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun."

"Ọsàn ni, Mà," Bánjọ sọ. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà.

Ẹnì kejì mu. Ẹnì kẹta mu. Ó ní lóòótọ́ lòun ń sọ nínú ọkàn òun pé lẹ́yìn ẹni yìí, òun á dá a dúró. Ẹni yẹn á mu, òun á tún sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹnì kẹfà mu, ẹnì keje, ẹnì kẹjọ. Ẹnì kẹsàn-án jẹ́ aboyún, ó mu ife kan, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ìdajì sí i. Bánjọ bù ú fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ìwé yìí nù. Èmi náà dìde kúrò lórí ìjókòó nígbà tó sọ ọ́ fún mi.

Ẹnì kẹwàá kò ga tó tábìlì. Démiládé ni. Wọ́n ti tú àwọn ọmọdé sílẹ̀ láti kíláàsì wọn, ó sì ti sá gba abẹ́ apá àwọn àgbà wá síwájú pẹ̀lú ike omi rẹ̀ aláwọ̀ olómi-ọsàn. Ẹni tó wà lórí ìlà ló rẹ́rìn-ín, tó jẹ́ kó kọjá, tó tún bá a bu omi kún ike náà nígbà tí Bánjọ yíjú sí pásítọ̀.

"Daddy, I got mine o!" ọmọ náà sọ, ó sì gbé ike sẹ́nu.

Bánjọ gbá ike yẹn dànù débi pé ó lu ògiri. Ọmọ náà ṣubú lulẹ̀.

"Má mu ún! Májèlé ni! Tutọ́ ẹ̀ dànù, Démi, tutọ́ ẹ̀ dànù!"

Orin dúró lójijì. Omi ń ṣàn lọ sábẹ́ àga. Ọmọ náà ń sunkún, ó ní òun ò tíì mu.

Pásítọ̀ Olúṣèyí rọra súnmọ́ ọn. "Díákónì, kí lẹ sọ?"

Olúfúnkẹ́ ló jáde láti ìlà kẹta. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá ọkọ rẹ̀, ó fa áńkáṣíìfù jáde, ó fún un. Omi tú jáde lára rẹ̀ sórí ilẹ̀. Ó gbé e sí imú.

"Òórùn ṣòkòtò yín nìyí," ó sọ. "Ẹ ò mu nínú ẹ̀."

"Olúfúnkẹ́, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ẹ̀yin ò mu. Ẹ sì ń bù ú fún wọn."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Màmá Rẹ̀mí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì lórí àga tó jókòó sí.

Píkọ́ọ̀pù Bánjọ ló wà nítòsí jù, òun náà ni wọ́n fi kó wọn lọ sílé ìwòsàn, páìpù ẹlẹ́nu mẹ́fà yẹn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà bi wọ́n pé kí ni wọ́n mu. Àwọn èèyàn ní omi àdúrà ni. Dókítà ní òun fẹ́ mọ orúkọ ohun tó wà nínú omi náà, kíákíá. Gbogbo ojú yí sí Bánjọ. Ìgbà yẹn ló pe Kàmọ́rù lórí fóònù kó bá òun ka ohun tó wà lára ike kẹ́míkà tó ṣẹ́kù sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé fóònù náà sí gbangba kí dókítà lè gbọ́. Ohun tí gbogbo wọn kọ́kọ́ gbọ́ ni ohùn Kàmọ́rù tó ń pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún yín! Ṣé mi ò sọ fún yín ni?"

Kò sẹ́ni tó kú. Aboyún náà wà nínú ẹ̀rù títí ó fi bímọ lóṣù méjì lẹ́yìn náà, ọmọ náà sì yè. Àwọn méje mìíràn lọ sílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Màmá Rẹ̀mí nìkan ló pẹ́, torí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára tẹ́lẹ̀. Ìjọ gba kọ́kọ́rọ́ àti oyè lọ́wọ́ Bánjọ. Ọlọ́pàá pè é, ó sì sọ tẹnu rẹ̀ fún wọn láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Lẹ́tà ìgbéga rẹ̀ dé lọ́fíìsì lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì gbà á bí ẹni gba ìwé ẹjọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, ó lọ bá Màmá Rẹ̀mí níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Mà, ẹ dárí jì mí. Èṣù ló lò mí."

"Fi Èṣù sílẹ̀," ìyá náà sọ. Ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ò tíì jinná. "Dìde. Mo ti dárí jì ẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lajú. Mi ò ní kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ nínú."

"Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ṣeun."

"Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi ẹ́. Èmi ni mo ṣíwájú lórí ìlà. O bù ú fún mi, o wojú mi, o ní ọsàn ni. Èèyàn mẹ́jọ tún mu lẹ́yìn mi, o ò sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ lo sọ̀rọ̀ fún." Ó sinmi díẹ̀ kó lè mí. "Ká ní Démiládé ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Bánjọ yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyá náà.

Olúfúnkẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná tó sè fún ìyá náà lọ́wọ́. Kò wọlé. Ó dúró síbẹ̀, òun náà ń retí ìdáhùn.